Ẹ̀rù ibi tó há ń bà mí: báwo ni mo ṣe lè wọ inú píramídì Khufu ní Giza?

Àṣàkẹ́ Ìbàdàn (ìbéèrè)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní Oṣù Kìíní tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Káírò fún ọjọ́ márùn-ún. Ìwé ìrìnnà ti pé, a ti san owó ọkọ̀ òfuurufú. Ohun kan ló kù tí kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀: mo fẹ́ wọ inú píramídì ńlá ti Khufu, ọba Íjíbítì ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ibi tó há máa ń bà mí gan-an. Líìfìtì pàápàá, n kì í wọ̀ ọ́ àfi tí kò bá sí àtẹ̀gùn. Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé báyìí, àyà mi á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa làágùn, á wá dà bíi pé afẹ́fẹ́ ti tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: báwo ni ọ̀nà inú píramídì náà ṣe ga tó, báwo ló ṣe gùn tó, ibo ni èèyàn ti lè nàró? Ṣé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀? Bí ẹ̀rù bá mú mi láàárín ọ̀nà, ṣé mo lè padà? Kí ni mo lè máa ṣe nílé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kù? Ìyá ọkọ mi tún ń sọ pé isà òkú ni, pé kí n má lọ kó ohun àìrí wálé. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kó bá mi dá sí i.

Atọ́nà Sàhárà

Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ó dùn mọ́ mi pé ìwọ̀n lẹ ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà lónìí kì í ṣe èyí tí àwọn tó kọ́ píramídì ṣe. Ihò tí wọ́n dá lu sínú òkúta ni. Ìtàn sọ pé àwọn èèyàn Kálífà al-Ma'mun ló gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí ọdún 820. Ògiri rẹ̀ rí págunpàgun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, èèyàn sì lè nàró ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì nínú ihò yìí kí iná ibẹ̀ mọ́ yín lójú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí ẹjọ́ wà: ọ̀nà tó ń gòkè. Ó gùn tó mítà 39. Láti ilẹ̀ dé òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, fífẹ̀ rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju mítà kan lọ. Ó dagun ní dígírì 26, ìyẹn ni pé ó fi díẹ̀ rọ̀ ju àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Pákó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kéékèèké dábùú pákó náà kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀, irin ìdìmú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó tẹ̀ ba, ẹ ó di irin mú, ẹ ó sì máa gòkè. Ẹni tí kò bá dúró lójú ọ̀nà á jáde lókè láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ibi tí ẹ bá ti jáde níhìn-ín ni ara tí ń tu ọ̀pọ̀ èèyàn. Òrùlé á ṣí lójijì, á ga tó mítà 8.6 lókè orí yín. Gbàgede ńlá nìyẹn, ó gùn tó mítà 47, ó ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n ẹ ti nàró. Ẹ gbójú sókè wo ògiri méjèèjì: ìpele méje ni wọ́n fi òkúta ẹfun tò, ìpele kọ̀ọ̀kan yọ síwájú díẹ̀ ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, títí àlàfo àárín ògiri méjèèjì fi kù bíi mítà kan lókè. Òkúta wọ̀nyẹn bára mu tímọ́tímọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ráyè wò ó, nítorí ọ̀pọ̀ tí ẹ̀rù ń bà máa ń tẹjú mọ́lẹ̀ kọjá ibẹ̀ ni.

Lókè gbàgede, ẹ ó tún tẹ̀ ba fún ọ̀nà kúkúrú tó ga tó mítà 1.1 péré, ẹ ó nàró díẹ̀ nínú yàrá kékeré kan, ẹ ó tún tẹ̀ ba lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Yàrá ọba nìyẹn: mítà 10.5 ní gígùn, mítà 5.2 ní fífẹ̀, mítà 5.8 ní gíga, òkúta akọ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí ìkọ̀wé lára ògiri. Pósí òkúta kan ṣoṣo ló wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn yàrá náà, kò ní ìdérí, igun rẹ̀ kan sì ti fọ́. Tí ẹ bá wo òrùlé, ẹ ó rí ibi tó sán ní apá gúúsù. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Ó ti sán láti ayé àtijọ́, àwọn tó kọ́ ọ gan-an ló ti fi nǹkan rẹ́ ẹ. Yàrá kéékèèké márùn-ún ni wọ́n tò sórí òrùlé yẹn kí ẹrù òkúta má bàa tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mì tìtì ní Káírò ní ọjọ́ 12, Oṣù Kẹwàá, ọdún 1992, ọ̀pọ̀ ilé wó nínú ìlú, yàrá náà sì wà níbẹ̀ dòní.

Ní ti afẹ́fẹ́: ihò tóóró méjì, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ló ti inú yàrá ọba lọ sí ìta. Láàárín ọdún 1992 sí 1993, wọ́n fi fáànù sí i láti máa fa afẹ́fẹ́. Nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í tán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ooru àti ọ̀rinrin, nítorí èémí àti òógùn àwọn àlejò. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ooru á ṣe mú tó.

Ṣé ẹ lè padà? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ yan ibi tí ẹ ó ti pinnu. Ọ̀nà kan náà ni àwọn tó ń gòkè àti àwọn tó ń sọ̀ ń gbà, nítorí náà ẹni tó bá yí padà láàárín mítà 39 yẹn á ko àwọn tó ń bọ̀ lójú. Ibẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rù á sì di ìlọ́po méjì. Ẹ pinnu ní ìsàlẹ̀ kí ẹ tó wọlé sínú rẹ̀, kí ẹ sì tún pinnu nígbà tí ẹ bá dé ìbẹ̀rẹ̀ gbàgede ńlá. Ààyè wà láti dúró sí lápá ibẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sì sábà máa ń wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí èèyàn tó wà níwájú yín fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú kí ẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ tètè lọ, kí ẹ wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó máa wọlé láàárọ̀. Ọjọ́ Jímọ́ àti Sátidé ni ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, èrò á pọ̀. Ẹ rántí pé tíkẹ́ẹ̀tì ẹnubodè kò kan inú píramídì. Ọ̀tọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Káàdì báńkì ni wọ́n sábà ń gbà, nítorí náà ẹ mú káàdì dọ́là lọ́wọ́, kí káàdì náírà má lọ dójú tì yín lójú fèrèsé.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Atọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ọkàn.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rù ibi tó há. Ọ̀kan ni ẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ á tán. Èkejì ni ẹ̀rù pé n kò ní ráyè jáde. Àwọn kan ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń wúwo ju ìkejì lọ. Àǹtí, ẹ bi ara yín: tí wọ́n bá ṣí fèrèsé sára líìfìtì yẹn ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, ṣé ara á tù yín? Bí ó bá tù yín, afẹ́fẹ́ ni. Bí kò bá tù yín, àìráyè jáde ni, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ṣáájú kí ẹ̀yin kẹ́yìn, kí ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó dí yín lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣáájú, kí iwájú yín ṣófo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nìyí. Ẹ̀rù dé, èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá. Mímí kíákíá ń lé carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìka ọwọ́ àti ètè á máa ṣe yín bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú, orí á fúyẹ́, àyà á fún pọ̀. Ẹni tó wà nínú ihò á rò pé afẹ́fẹ́ ló tán, á wá tún mí sí i, ó sì ń ba ọ̀ràn jẹ́ ni. Ohun tó ń tán an ni kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ: ẹ fi imú fà á wọlé kí ẹ kà dé mẹ́rin, ẹ fi ẹnu tú u jáde kí ẹ kà dé mẹ́fà, ìgbà mẹ́wàá. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti òní lọ, nígbà tí kò sí ẹ̀rù rárá. Ẹni tó bá dúró di inú píramídì kó tó kọ́ ọ, kò ní rántí.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà, ẹ kọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù sílẹ̀, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Fún àpẹẹrẹ, ẹ jókòó sínú ilé ìkẹ́rù pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní pípadé, iná ní títàn. Nígbà tí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ pa iná. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ na okùn kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní mítà 1.2 sílẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ẹ sì máa tẹ̀ ba kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín bá gùn tó mítà mẹ́fà, ìgbà méje ni kí ẹ lọ láìnàró, ẹ ti ju gígùn ọ̀nà Khufu lọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá bọ́ sí líìfìtì: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo pẹ̀lú ọkọ yín, lẹ́yìn náà ẹ̀yin nìkan, lẹ́yìn náà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì márùn-ún, lẹ́yìn náà ní àkókò tí èrò pọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n á wọlé, ẹ̀rù á gun òkè dé mẹ́jọ, wọ́n á sì sá jáde. Ara á tù wọ́n lójú ẹsẹ̀, ọkàn á sì kọ́ pé sísá yẹn ló gbà wọ́n là. Lọ́la, ẹ̀rù náà á le sí i. Ẹ dúró. Ẹ̀rù kì í dúró lókè títí. Tí èèyàn kò bá sá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ogún sí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mẹ́jọ bá di mẹ́rin ni kí ẹ tó jáde. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ní ibì kan náà, títí máàkì àkọ́kọ́ fi máa jẹ́ méjì. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gbogbo ìgbà ló máa dà bí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má pajú dé, ẹ má sì sáré kọjá. Ẹ wo ògiri, ẹ fọwọ́ kàn án, kí ọkàn lè rí i pé ó wà níbẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ má lo oògùn oorun tàbí ọtí láti fi lé ẹ̀rù lọ lọ́jọ́ náà. Ooru wà níbẹ̀, pákó dagun, ẹsẹ̀ sì lè yọ̀. Bí líìfìtì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan bá ṣì ń gba mẹ́jọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ rí onímọ̀ ìlera ọkàn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọ Lísàbí

Àǹtí, ẹ̀yin tó wà ní Ìbàdàn, ẹ má gbàgbé Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ọ̀nà àtijọ́ ibẹ̀ gba àárín òkúta méjì tó sún mọ́ra, èèyàn ní láti fẹ̀gbẹ́ kọjá ní àwọn ibì kan. Ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sápamọ́ sí nígbà ogun wà níbẹ̀, òkúta bò ó lórí, ó rẹlẹ̀, ẹ ó sì rí ojú ihò tí wọ́n fi ń lọ nǹkan lára ilẹ̀ àpáta. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí máàkì yín fi máa sọ̀. Ọ̀sẹ̀ keje ló bá a mu jù. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ọdún.

Àṣàkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún yín. Àìráyè jáde ló wúwo jù fún mi, mo ti rí i báyìí. Màá kẹ́yìn. Ọkọ mi wá ń sọ pé ká dé Dahshur náà, níbi tí àwọn píramídì mìíràn wà, pé èrò kì í pọ̀ níbẹ̀. Ṣé ó rọrùn ju Giza lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni kí a kọ́kọ́ wọ̀?

Atọ́nà Sàhárà

Òótọ́ lọkọ yín sọ, èrò kì í pọ̀ ní Dahshur. Ṣùgbọ́n kò rọrùn ju Giza lọ rárá.

Píramídì Pupa tó wà níbẹ̀, Sneferu, bàbá Khufu, ló kọ́ ọ. Ẹ ó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ìta dé ẹnu ọ̀nà tó wà ní nǹkan bíi mítà 28 sókè. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú, ó lé ní mítà 60, gíga rẹ̀ kò pé mítà kan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré! Ẹni tó ga níwọ̀nba á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rákò. Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ kẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ láti orí àkàbà, kí ẹ di irin mú. Orí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá òkúta báyìí, orúnkún á sì sinmi. Nísàlẹ̀, òrùlé yàrá àkọ́kọ́ ga tó mítà 12, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òórùn kan wà níbẹ̀ tó ń ta imú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́; ẹ má rò pé afẹ́fẹ́ burúkú ló fẹ́ pa yín. Ẹ mú aṣọ pẹlẹbẹ kan láti fi bo imú.

Èrè ibẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ̀rù àìráyè jáde ń bà ni pé ọ̀nà náà tọ́ gbọnrangandan: tí ẹ bá wẹ̀yìn, ẹ ó máa rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà lókè. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo mítà yẹn ni ẹ ó gùn padà ní títẹ̀ ba, nígbà tó ti rẹ̀ yín. Itan á máa ro yín fún ọjọ́ méjì.

Nítorí náà, bí èmi bá máa tò ó: ọjọ́ kejì, Saqqara, níbi tí píramídì ọba Teti wà. Ọ̀nà rẹ̀ kúrú lára wọn, nísàlẹ̀ ẹ ó rí ògiri tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú sí láti òkè délẹ̀, àti òrùlé tí wọ́n fi ìràwọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ojú ní ohun tó ń wò, ọkàn kì í ráyè ẹ̀rù púpọ̀. Ọjọ́ kẹta, Giza. Wọ́n máa ń ṣí ọ̀kan nínú píramídì Khafre àti ti Menkaure fún àlejò. Bí agbára bá wà, ẹ kọ́kọ́ wọ èyí tó bá ṣí, kí ẹ tó wọ ti Khufu. Ọjọ́ kẹrin, Dahshur, kó lè jẹ́ pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa padà sílé kí itan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò sábà ń pa Saqqara àti Dahshur pọ̀ sọ́jọ́ kan nítorí pé ọ̀nà wọn kan náà ni. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Píramídì tó tẹ̀ kọdọrọ, tí òun náà wà ní Dahshur, ẹ fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀nà rẹ̀ gùn tó mítà 79, ọdún 2019 ni wọ́n tún ṣí i fún àlejò, inú rẹ̀ sì há gan-an.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹsẹ̀ le láti ìsinsìnyí: ìlóṣòó méjìlá, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Bàbá Ìwé

Ọmọ mi, ẹ fi sùúrù bá ìyá yín sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù tiwọn kì í ṣe ohun àbùkù, wọ́n fẹ́ràn yín ni.

Ẹ sọ fún wọn pé kò sí òkú nínú píramídì Khufu. Pósí rẹ̀ ṣófo, ó ti ṣófo kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣèwádìí lóde òní tó débẹ̀. Àwọn òkú ọba àti ayaba Íjíbítì, méjìlélógún nínú wọn, ni wọ́n kó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Fustat, ní Káírò, ní ọjọ́ 3, Oṣù Kẹrin, ọdún 2021. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí òkú, ẹ má wọ gbọ̀ngàn ọba níbẹ̀. Àròsọ ègún tí gbogbo èèyàn ń sọ wá láti ara Tutankhamun, ọba Íjíbítì mìíràn, tí ibojì tiẹ̀ wà ní Luxor, kì í ṣe Giza. Ọdún 1922 ni wọ́n rí ibojì náà. Lord Carnarvon tó náwó sí i kú ní 1923, lẹ́yìn tí ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ ti kó àrùn. Howard Carter, tó kọ́kọ́ yọjú wo inú ibojì, tó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà láyé títí di 1939.

Ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀ ṣá. Ẹ má gun ara píramídì láti ìta, òfin kò gbà á. Ẹ má kọ orúkọ sára òkúta.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀

Ọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ dání sínú, kó má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì wálẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láti wọ ti Dahshur: làálàá, ooru àti òǹgbẹ lápapọ̀ lè dá ìrora sílẹ̀. Aboyún, ẹ dúró síta.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ mu omi tó ìdajì lítà, kí ẹ sì ti lo ilé ìyàgbẹ́, torí kò sí nínú píramídì. Ṣòkòtò ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ìró, nítorí etí ìró máa ń kọ́ mọ́ irin pákó yẹn nígbà tí èèyàn bá tẹ̀ ba. Bàtà tó ní ìdíǹdè, tí àtẹ̀lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Báàgì ẹ̀yìn kò dára, ó ń há mọ́ òrùlé, ìyẹn nìkan sì tó láti dá àyà já. Ẹ gbé kékeré sí iwájú. Tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ó ní iná tó pọ̀, bí iná ibẹ̀ bá ṣẹ́ jù.

Ẹ kọ́ gbólóhùn Lárúbáwá yìí sórí, ẹ̀yin obìnrin: "ʿayza akhrug", ìyẹn ni "mo fẹ́ jáde." Ọkùnrin á sọ pé "ʿayez akhrug." Ẹ̀ṣọ́ tó bá gbọ́ ọ lè dá àwọn tó ń bọ̀ dúró kí ẹ lè kọjá.